Bíréèkì ni ó yẹ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ni, àbí kúlọ́ọ̀ṣì? Bí a ṣe ń dá ọkọ̀ máńúà dúró

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ ní Ìbàdàn níbí, ọkọ̀ máńúà, èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ni wọ́n sì fi ń kọ́ wa. Bí a ṣe ń gbéra kò le lójú mi mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó yẹ kí n gbà dúró ń rú mi lójú, nítorí pé ohun tí àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ń sọ kò bára mu. Olùkọ́ wa ní bíréèkì ni kí ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ lọ bá, kí n má sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kúlọ́ọ̀ṣì títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti ń wa ọkọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní kúlọ́ọ̀ṣì ni kí n kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá tẹ bíréèkì láìtẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín títì.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n tẹ̀ lé? Ṣé ọ̀nà kan náà ni a ń gbà dúró nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré bọ̀ ní Ìwó Road, àti nígbà tí a bá wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Chálẹ́ǹjì, àti nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Màpó? Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe àṣẹ nìkan.

Olùkọ́ni ní ọkọ̀ wíwà, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò wa. Inú mi dùn pé ìdí ni ẹ ń béèrè, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí kò ní máa wá ẹni tí yóò pàṣẹ fún un nígbà tí ojú ọ̀nà bá yí padà. Olùkọ́ yín ló tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbọ́n yín náà sì ní ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bá a mu. Eré tí ọkọ̀ ń sá lọ́wọ́ àti gíà tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pinnu èyí tí ẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ̀.

Bíréèkì ni ó ń dá táyà dúró. Kúlọ́ọ̀ṣì kì í dá ohunkóhun dúró. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, bí ìgbà tí ẹni méjì tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú bá tú ọwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú gíà tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò máa fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn, eré yóò sì ti máa dínkù kí ẹ tó kan bíréèkì rárá. Bí ẹ bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì ní àkókò yẹn, ẹ ti lé ẹni tí ó ń bá yín fa ọkọ̀ sẹ́yìn lọ, gbogbo iṣẹ́ sì di ti bíréèkì nìkan. Lórí ìdagẹ̀rẹ́, ṣe ni ọkọ̀ yóò tún yára sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tí í ṣe òpin eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàárín ìlú ní Nàìjíríà, tí ẹ wá rí i pé iná ojú pópó ti pọ́n níwájú, ẹ wo dígí tí ó ń fi ẹ̀yìn hàn, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí tọ́tù sórí bíréèkì, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa wúwo sí i bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹsẹ̀ òsì yín wà nílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. Nígbà tí eré bá ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni ẹ ó tó tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe ìlàjì. Bí ó bá ku díẹ̀ kí táyà dúró, ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ kí ọkọ̀ lè dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, kí orí àwọn tí ẹ gbé má baà fì síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi gíà sí fíríì, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ kò ti sí nínú gíà kankan, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò.

Ìgbà wo wá ni ẹ́ńjìnnì fẹ́ gbọ̀n? Nígbà tí a kò bá tẹ tọ́tù, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 700 sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí táyà bá fẹ́ fipá mú un yí lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gbọ̀n, yóò sì kú. Nínú gíà karùn-ún, eré tí èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Nínú gíà kẹta, ó sún mọ́ 20. Nínú gíà kìíní, ó sún mọ́ 6 tàbí 7. Ọkọ̀ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà kò jìnnà síra. Ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ti wúlò. Bí ẹ bá ń rá pálá nínú gíà kìíní, eré yín ti wà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ kú kí ẹ tó pinnu láti dúró, nítorí náà kúlọ́ọ̀ṣì ni yóò kọ́kọ́ wọlẹ̀, tàbí kí méjèèjì wọlẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sá eré 50 nínú gíà kẹrin ní àyè púpọ̀ kí ọkọ̀ tó lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó sáré lọ bá kúlọ́ọ̀ṣì.

Awakọ̀ ọkọ̀ ara ẹni, Ìlọrin

Ẹ̀yin olùkọ́, mo gbọ́ àlàyé yín, mo sì dúpẹ́. Ní tèmi, mo máa ń tẹ méjèèjì mọ́lẹ̀ pọ̀ ni, ibikíbi tí ó wù kí n wà, kò sì sí aburú tí ó tìdí rẹ̀ yọ. Ṣé kì í ṣe pé a ń mú ọ̀rọ̀ náà le ju bí ó ti yẹ lọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́?

Olùkọ́ni ní ọkọ̀ wíwà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi, lórí títì tí ó tẹ́jú, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí ọkọ̀ kò sì kún, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀, nítorí pé bíréèkì ọkọ̀ kékeré tí ó dára lágbára tó láti dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń sá fún lórí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni àṣà tí ẹsẹ̀ ń kọ́. Ẹsẹ̀ tí ó bá ti mọ́ lára láti máa tẹ kúlọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe nígbà tí òjò bá rọ̀, nígbà tí ó bá wà lẹ́nu kọ́ọ̀nà, nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, a kò sì ní ráyè bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó sàn kí ẹsẹ̀ kọ́ èyí tí ó dára níbi gbogbo láti ọjọ́ kìíní.

Mẹkáníìkì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin olùkọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Páàdì bíréèkì ni wọ́n ṣe kí ó máa jẹ tán. Bí ó bá jẹ tán, a ó tú táyà, a ó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì máa lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kí a tó lè pààrọ̀ páléètì kúlọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwo tí ó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, a ní láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, owó iṣẹ́ àti owó páàtì rẹ̀ kò sì ṣe é fi wé ti páàdì. Ẹ má ṣe fi ohun tí ó wọ́n dáàbò bo ohun tí kò wọ́n. Ẹni tí ó ń yí gíà wálẹ̀ láti ìkarùn-ún sí ìkẹrin, sí ìkẹta, sí ìkejì, tí ó sì ń já kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní gíà kọ̀ọ̀kan nítorí pé kò fẹ́ kí páàdì rẹ̀ tètè jẹ, páléètì kúlọ́ọ̀ṣì ni ó ń fi ṣe páàdì.

Mo tún fẹ́ kí àbúrò wa kíyè sí ohun tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró tán. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń fi ọkọ̀ sínú gíà kìíní ní ìdí iná ojú pópó, tí wọn yóò sì tẹ kúlọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ títí iná yóò fi di àwọ̀ ewé. Nígbà tí kúlọ́ọ̀ṣì bá wà nílẹ̀, bíárìn kan wà tí ó ń ti àwọn ìka sípíríǹgì kúlọ́ọ̀ṣì, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí mọ́ ọn lára. Rìlíìsì bíárìn ni a ń pè é. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni wọ́n ṣe é fún nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń mú un ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìdí iná, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í han, ariwo rẹ̀ yóò sì máa jáde nígbà tí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ kan kúlọ́ọ̀ṣì. Gíábọ́ọ̀sì yóò tún wálẹ̀ nítorí ìyẹn náà. Ẹ fi sí fíríì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Bákan náà ni àwọn tí ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì lé kúlọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń sinmi. Wọn kò tẹ̀ ẹ́, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Ìwọ̀nba ìnira tí ẹsẹ̀ yẹn fi lé e ti tó láti mú kí páléètì máa yọ̀ lára fùláìwíìlì, ìyẹn àgbá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí ó máa gbóná, kí ó sì máa jẹ. Bí ẹ bá ti ń tẹ tọ́tù tí ariwo ẹ́ńjìnnì ń ròkè ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò yára bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó, páléètì ti ń tán lọ nìyẹn.

Awakọ̀ dánfó, Ìyànà-Ìpájà, Èkó

Ẹ kú u wákàtí yìí o. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wa ọkọ̀ máńúà láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọ̀shòdì ní àárọ̀ Mọ́ńdè mọ ohun tí à ń pè ní ìrora orúnkún òsì. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀ nípa sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni pé kí ó má ṣe máa sáré tẹ̀ lé ìdí ọkọ̀ iwájú ní gbogbo ìgbà tí ó bá sún ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ jẹ́ kí àyè ṣí sílẹ̀ díẹ̀, kí ọkọ̀ wà ní fíríì, kí ẹsẹ̀ òsì sinmi. Bí àyè náà bá ti tó ìwọ̀n ọkọ̀ kan tàbí méjì, ẹ wọ gíà kìíní, ẹ rọra tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tán pátápátá, ẹ má sì tẹ tọ́tù. Ọkọ̀ yóò máa rìn fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n eré tí ènìyàn fi ń yára rìn. Bí ọkọ̀ iwájú bá dúró, ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ fi bíréèkì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ padà sí fíríì. Lóòótọ́, àwọn ẹlòmíràn yóò máa wọ inú àyè tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Gbogbo wa yóò jọ dé Ọ̀shòdì náà ni.

Bí ẹ bá dúró lórí afárá tí ó ga sókè, ẹ má ṣe fi kúlọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù gbé ọkọ̀ dúró kí ó má baà yí sẹ́yìn. Òórùn tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ti páléètì tí ó ń jóná. Bíréèkì ọwọ́ ni ó wà fún un.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi ọ̀gá mẹkáníìkì. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ nínú àwa awakọ̀ ti ń wá gbogbo ọ̀nà láti dín epo kù. Àwọn kan máa ń fi ọkọ̀ sí fíríì bí wọ́n bá ti gun orí afárá tán, kí ó máa yí lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Ṣé epo ń kù lóòótọ́?

Mẹkáníìkì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀gá mi, ẹ ṣé tí ẹ béèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ń pa ènìyàn.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kábúrétọ̀, epo díẹ̀ lè kù bẹ́ẹ̀, torí pé kábúrétọ̀ yóò máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ń yí. Ibẹ̀ ni àṣà náà ti wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ní ínjẹ́kítọ̀, tí ó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ní kọ̀ǹpútà tí ó ń wo ohun tí ẹ ń ṣe. Bí ẹ bá wà nínú gíà, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, tí ọkọ̀ sì ń yí lọ sísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà náà máa ń dá epo dúró pátápátá, nítorí pé táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra dé ibi tí ó ti fẹ́ kú ni yóò tún tú epo sílẹ̀. Bí ẹ bá wá fi sí fíríì, ẹ́ńjìnnì kò ní ohun tí yóò máa yí i mọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì ní láti fún un ní epo kí ó má baà kú. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ ínjẹ́kítọ̀ sí fíríì lórí ìdagẹ̀rẹ́ ń jó epo tí ìbá má jó ni.

Ti pípa ẹ́ńjìnnì burú ju ìyẹn lọ. Háídírófáàkì tí ó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, ara ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń rí agbára tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ lè tó títẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì yóò le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀, sìtíárìn náà yóò sì wúwo. Bí ẹnìkan bá sì lọ yí kọ́kọ́rọ́ padà débi tí ó ti lè yọ ọ́, sìtíárìn lè tì pa. Ẹ bá mi bẹ àwọn ẹgbẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí èrò bá wà nínú ọkọ̀. Kí wọ́n má tilẹ̀ pa á rárá.

Ọmọ Yorùbá, London

Ẹ kú ilé o. Ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì sọ wà nínú ìwé òfin ojú pópó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà 122. Ìlànà náà kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ ní fíríì tàbí pẹ̀lú kúlọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì kò ní bá a dín eré kù mọ́, pé eré yóò tètè pọ̀ lórí ìdagẹ̀rẹ́, pé bíréèkì tí a bá ń lò jù lè dín ní agbára, pé sìtíárìn kò ní dáhùn bí ó ti yẹ, pàápàá lẹ́nu kọ́ọ̀nà, àti pé ó lè nira láti wọ gíà tí ó yẹ nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ níbí nìyẹn.

Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ọtòmátíìkì ṣe ìdánwò níbí kò ní àṣẹ láti wa máńúà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fara da ìnira kúlọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sì lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lójijì nínú ìdánwò náà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí á tẹ bíréèkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí á tẹ̀ ẹ́ gidigidi, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí sìtíárìn, kí á má ṣe kan gíà, kí kúlọ́ọ̀ṣì sì wọlẹ̀ nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí ọkọ̀ dúró. Bí ẹ bá gbàgbé kúlọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ kú, ó ti dúró ná. Ọmọ tí ó sáré wọ títì kò bìkítà bóyá ẹ́ńjìnnì yín ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà tì pa nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gidigidi, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láìdẹ ẹsẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí kò bá ní ABS tí táyà sì ti dúró ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, ẹ dẹ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí táyà tún yí, kí ẹ sì tún un tẹ̀.

Ìwé kan náà, nínú ìlànà 126, sọ bí ọkọ̀ ṣe ń jìnnà tó kí ó tó dúró. Ní eré máìlì 30 ní wákàtí kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 50, mítà 23 ni: mítà 9 kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, mítà 14 kí bíréèkì tó dá ọkọ̀ dúró. Ní máìlì 60, tí ó sún mọ́ kìlómítà 100, mítà 73 ni: 18 fún ìrònú, 55 fún bíréèkì. Eré di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì nílò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ṣàkíyèsí mítà 9 àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ń wá kúlọ́ọ̀ṣì kí ó tó rántí bíréèkì ń fi kún un ni.

Awakọ̀ takisí, Adó-Èkìtì

Àwa tí à ń gbé èrò gba Ẹfọ̀n-Aláayè kọjá kò nílò ẹni tí yóò ṣe àlàyé òkè fún wa. Kọ́ọ̀nà ń tẹ̀ lé kọ́ọ̀nà, ọkọ̀ kún fún ènìyàn àti ẹrù, ìsàlẹ̀ sì jìn. Gíà tí ẹ ó bá fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ wọ gíà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ti gba eré lọ. Gíà kejì tàbí ìkẹta yóò gbé ọkọ̀ náà dúró fún yín. Ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bíréèkì ni kí ẹ máa fi gé eré kù lóòrèkóòrè: ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò mú kí páàdì gbóná, kí òórùn máa jáde, kí bíréèkì má sì múlẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá kàn án jù. Ọ́ìlì bíréèkì tí ó ti pẹ́, tí omi ti wọ inú rẹ̀, tilẹ̀ lè hó nínú ooru yẹn, ẹsẹ̀ yóò sì kàn rì lọ ni.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé bíréèkì kò múlẹ̀, ẹ pọ́ǹpù rẹ̀ kíákíá, ẹ yí gíà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ láìfà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe fi sí fíríì. Ẹni tí ó bá wà ní fíríì nígbà náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, Òkè Màpó kò gùn bí ti wa, ṣùgbọ́n ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọjà àti ènìyàn sì wà ní ìsàlẹ̀. Gíà kejì ni, ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin àgbà. Ìdí rẹ̀ ti yé mi. Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, bí mo bá wà ní gíà kẹrin tí mo sì fẹ́ dúró, ṣé dandan ni kí n gba ìkẹta àti ìkejì kọjá? Èkejì, báwo ni mo ṣe lè fi èyí kọ́ ẹsẹ̀ mi láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni sínú ewu?

Olùkọ́ni ní ọkọ̀ wíwà, Abẹ́òkúta

Kì í ṣe dandan. Bí ó bá dá yín lójú pé ẹ ó dúró pátápátá, ẹ wà ní gíà kẹrin, ẹ fi bíréèkì dín eré kù, ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbọ̀n, kí ẹ sì bọ́ sí fíríì. Bí kò bá dá yín lójú, bóyá iná lè yí padà kí ẹ tó débẹ̀, ẹ fi bíréèkì dín eré kù ná, kí ẹ tó wọ gíà tí ó bá eré tuntun náà mu, ì báà jẹ́ láti ìkẹrin sí ìkejì tààrà. Bíréèkì ni a fi ń dín eré kù. Gíà ni a fi ń múra sílẹ̀ láti tún lọ. Ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè nìkan ni a ti ń fi gíà fúnra rẹ̀ fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ní ti ìdánrawò, ẹ wá pápá tàbí títì tí kò sí ọkọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí olùkọ́ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kí ẹ tó gbéra, ẹ sún ìjókòó débi tí ẹsẹ̀ òsì yóò fi lè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì kan ilẹ̀ tí orúnkún ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ẹ kó gbogbo ike omi kúrò nílẹ̀, nítorí pé ike kan ṣoṣo tí ó yí bọ́ sábẹ́ bíréèkì ti tó. Ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀; bí ó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà jáde, ẹ lọ bá mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé eré dé 30 nínú gíà kẹta, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ẹ má sì tẹ ohunkóhun. Ẹ fetí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ wo ibi tí ọwọ́ aago eré wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú bíréèkì díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú bíréèkì tí ó wúwo, kí ẹ rí i pé bí bíréèkì bá ṣe le tó ni kúlọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ṣe tètè tẹ̀ lé e tó. Nígbà tí ẹ bá ti lè mọ àkókò náà nípa ohùn ẹ́ńjìnnì láìwo aago mọ́, ẹ ní kí olùkọ́ yín máa pariwo “Dúró!” lójijì láìsọ fún yín tẹ́lẹ̀, kí ó sì máa wo ẹsẹ̀ tí ó kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀.